Orí Keje: Ìdá Inú Ìdá àti Bí A Ṣe Ń Tú U

Ẹ kọ́kọ́ gbé bírò sílẹ̀. Ẹ pe nọ́ńbà yìí jáde lẹ́nu: márùndínláàdọ́ta. Ẹni tó ti ń sọ Yorùbá láti kékeré kì í ronú kó tó mọ̀ pé 45 ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú u wò bí ẹni tú ewé ẹ̀kọ. Márùn-ún ni a yọ nínú àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀wá ni a yọ nínú ọgọ́ta. Ọgọ́ta ńkọ́? Ogún mẹ́ta ni. Bí a bá kọ ọ́ sórí pátákó, ohun tí a máa rí nìyí:

45 = ((20 × 3) − 10) − 5

Ìṣirò mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú ikùn èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kò lè ti ara 5 tó kọ́kọ́ gbọ́ bẹ̀rẹ̀. Inú lọ́hùn-ún ló ti máa bẹ̀rẹ̀, níbi tí ogún ti di mẹ́ta, kó tó máa bọ̀ níta díẹ̀díẹ̀. Bí àwọn baba ńlá wa ti ń ka nǹkan nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbé pátákó wọ kíláàsì wa. Ìdí nìyí tí mi ò fi í gbà bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún mi pé ìdá inú ìdá ju agbára òun lọ. Ó ti ń ṣe irú ẹ̀ lẹ́nu láti ọmọdé.

Ìdá inú ìdá ni ìdá tí òkè rẹ̀, tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí méjèèjì, tún ní ìdá mìíràn nínú. Ẹ ti pàdé ìdá lásán bíi 3/4 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ti pàdé ìdá onílẹ́tà bíi 5/x ní orí tó ṣáájú èyí. Ohun tó kù ni ká tò wọ́n lé ara wọn, ká sì mọ bí a ṣe máa tú wọn palẹ̀.

Ìlà wo ni àgbà?

Ìlà tí à ń fà sáàárín òkè àti ìsàlẹ̀ ìdá kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Al-Hassar, onímọ̀ ìṣirò kan ní Àríwá Áfíríkà ní ọ̀rúndún kejìlá, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Leonardo ará Pisa, tí ayé mọ̀ sí Fibonacci, lọ kọ́ ìṣirò àwọn Lárúbáwá ní ìgbà èwe rẹ̀ ní Béjaïa, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlìjíríà lónìí. Ó lo ìlà náà nínú ìwé Liber Abaci tó kọ ní 1202, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù sì ti rí i.

Iṣẹ́ méjì ni ìlà yìí ń ṣe. Ó ń pín, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé: àkámọ́ ni. Ohun yòówù tó bá wà lórí rẹ̀ ti di odidi kan, ohun yòówù tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ náà ti di odidi kan. Bí ìlà bá wá ju ẹyọ kan lọ, ó di dandan ká mọ èyí tó jẹ́ àgbà nínú wọn. Nínú ìwé àjákọ yín, ìlà tó gùn jù ni àgbà, òun ló sì máa ń bá àmì "=" dọ́gba. Nínú ìwé tí a tẹ̀ bí èyí, tí a kọ ìdá sórí ìlà kan ṣoṣo, àkámọ́ ló máa fi àgbà hàn yín.

Ẹ wo méjì yìí:

2/(3/4)

(2/3)/4

Nọ́ńbà mẹ́ta kan náà ni, bí a ṣe tò wọ́n kò sì yàtọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, abẹ́ 2 ni ìlà àgbà wà. Nínú ti èkejì, orí 4 ló wà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 8/3. Ti èkejì jẹ́ 1/6. Ìlọ́po mẹ́rìndínlógún èkejì ni àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ gígùn ìlà nìkan ló yà wọ́n. Mo ti gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó fa ìlà méjèèjì dọ́gba. Nígbà tó fi máa dé ìlà kejì iṣẹ́ rẹ̀, ó ti ṣi ìkọ̀wé ara rẹ̀ kà. Ìṣirò rẹ̀ kò burú. Ọwọ́ tó fi fa ìlà ló tàn án.

Kí ló dé tí a fi ń dojú ìsàlẹ̀ kodò?

Gbogbo yín lẹ ti há a sórí: bí a bá fẹ́ fi ìdá pín nǹkan, ká dojú ìdá náà kodò, ká wá ṣe ìsọdipúpọ̀. Díẹ̀ nínú yín ló bi olùkọ́ pé kí nìdí.

Ìyá kan ní kóńgò gààrí méjì. Agolo tó fẹ́ fi wọ̀n ọ́n tà ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kóńgò. Agolo mélòó ló máa rí nínú rẹ̀? Agolo kìíní kó 3/4 lọ, agolo kejì náà kó 3/4 lọ. Kóńgò kan àtààbọ̀ ti tán. Ààbọ̀ kóńgò ló kù nínú abọ́. Ààbọ̀ yẹn ò lè kún agolo, torí pé 2/4 ni ààbọ̀, 3/4 sì ni agolo ń gbà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta agolo ló máa dé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ agolo méjì àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn 8/3. Ẹni tó bá sì dojú 3/4 kodò máa rí ohun kan náà:

2 × 4/3 = 8/3

Lórí pátákó, ohun tí a ṣe ni pé a fi 4/3 sọ òkè ìlà àgbà di púpọ̀, a sì fi 4/3 kan náà sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di púpọ̀ kí ìdá náà má bàa yí padà. Ní ìsàlẹ̀, 3/4 × 4/3 di 1. Ìdá tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 1, òkè rẹ̀ nìkan ló kù. Kò sí idán kankan níbẹ̀.

Ọ̀nà méjì

Àpẹẹrẹ 1. Ẹ tú (1/x + 1/y)/(1/x − 1/y).

Ní ọ̀nà kìíní, a máa sọ òkè di ìdá kan ṣoṣo, a máa sọ ìsàlẹ̀ di ìdá kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ni a máa dojú ti ìsàlẹ̀ kodò.

Òkè: 1/x + 1/y = (y + x)/(xy)

Ìsàlẹ̀: 1/x − 1/y = (y − x)/(xy)

Nítorí náà: (y + x)/(xy) × (xy)/(y − x) = (y + x)/(y − x)

Ní ọ̀nà kejì, a kò ní dojú ohunkóhun kodò. A máa wo ìsàlẹ̀ gbogbo ìdá kéékèèké, a máa wá LCM wọn, a ó sì fi sọ òkè àti ìsàlẹ̀ ìlà àgbà di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níhìn-ín, LCM x àti y ni xy. Bí xy bá kan 1/x, y ló kù. Bó bá kan 1/y, x ló kù. Òkè di y + x, ìsàlẹ̀ di y − x, iṣẹ́ sì ti parí.

Ọ̀nà kejì yá ju ti kìíní lọ, òun ni mo sì máa ń lò níbi tí ìdá kò bá ti wọnú ara wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ó ní kòtò kan lójú ọ̀nà, kòtò yẹn ló sì ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn tó mọ ìṣirò dáadáa. Ẹ wo àpẹẹrẹ tó kàn.

Àpẹẹrẹ 2. Ẹ tú (3 + 1/x)/(9 − 1/x²).

LCM jẹ́ x². Ó gbọ́dọ̀ kan gbogbo ohun tó wà lókè àti gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀, títí kan 3 àti 9 tí wọn kò ní ìdá lára.

Òkè: 3x² + x = x(3x + 1)

Ìsàlẹ̀: 9x² − 1 = (3x − 1)(3x + 1)

Àkámọ́ (3x + 1) wà lókè, ó wà nísàlẹ̀, ìsọdipúpọ̀ ló sì so ó mọ́ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ibi méjèèjì. A lè pa á rẹ́. Ìdáhùn: x/(3x − 1).

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú á fi 3 àti 9 sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, torí pé kò rí ìdá lára wọn. Bí àpẹẹrẹ, á kọ (3 + x)/(9 − 1), ìyẹn (3 + x)/8. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó tiẹ̀ gbọ́n tó láti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó sì fi 1 sípò x. Ìbéèrè fún un ní 4/8, ìdáhùn tirẹ̀ náà fún un ní 4/8. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ṣí ojú ìwé kejì.

1 ló tàn án jẹ. Nọ́ńbà tí x rẹ̀ àti x² rẹ̀ jẹ́ ohun kan náà kò lè fi àṣìṣe tó wà láàárín wọn hàn. Bó bá jẹ́ 2 ló fi sípò x ni, ìbéèrè á fún un ní 3.5 ÷ 8.75, ìyẹn 2/5. Ìdáhùn tiwa, x/(3x − 1), fún wa ní 2/5. Tirẹ̀ á jẹ́ 5/8, àṣírí á sì tú. Ẹ má fi 1 yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ má sì fi òdo yẹ ẹ́ wò. Ẹ fi 2 tàbí 3 tàbí 5 ṣe é.

Pọ́ńpù méjì, táǹkì kan

Pọ́ńpù kan lè kún táǹkì ilé kan ní wákàtí a. Òmíràn lè kún táǹkì kan náà ní wákàtí b. Bí a bá tan méjèèjì pọ̀, wákàtí mélòó ni táǹkì máa fi kún?

Ní wákàtí kan, pọ́ńpù kìíní ti ṣe 1/a iṣẹ́ náà, èkejì ti ṣe 1/b. Àjọṣe wọn fún wákàtí kan jẹ́ 1/a + 1/b. Iye wákàtí tí wọ́n máa lò ni táǹkì kan tí a fi èyí pín:

1/(1/a + 1/b)

Ibí yìí ni mo ti máa ń gbọ́ ìdáhùn tó yára jù lọ nínú kíláàsì. Ẹnì kan á ní: "Ẹ dojú 1/a kodò, ó di a, ẹ dojú 1/b kodò, ó di b, a + b ni." Kò burú. Ẹ jẹ́ ká fún un ní nọ́ńbà. Pọ́ńpù kìíní ń lo wákàtí 3, èkejì ń lo wákàtí 6. Lójú rẹ̀, bí méjèèjì bá jọ ṣiṣẹ́, wákàtí 9 ni wọ́n máa lò. Pọ́ńpù kan tó ń dá parí iṣẹ́ ní wákàtí 3, wọ́n wá fún un ní olùrànlọ́wọ́, iṣẹ́ wá di ti wákàtí 9! Irú olùrànlọ́wọ́ yẹn, kó yáa lọ sílé rẹ̀.

Níbo ló ti ṣì í? Ìlà àgbà ti fi àkámọ́ dé 1/a + 1/b. Odidi kan ni wọ́n lábẹ́ rẹ̀, a kò sì lè dojú odidi kodò ní wẹ́wẹ́. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rò ó pọ̀ di ìdá kan ṣoṣo:

1/a + 1/b = (b + a)/(ab)

Ìgbà yìí ni a tó lè dojú rẹ̀ kodò: ab/(a + b). Bí a bá fi 3 àti 6 síbẹ̀, 18/9 ni, ìyẹn wákàtí 2. Ó bọ́gbọ́n mu, torí pé ó dín sí 3. Àwọn tó ń ṣe físíìsì máa tún pàdé ìlànà kan náà nígbà tí wọ́n bá so rẹsísítọ̀ méjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ab/(a + b) ni rẹsísítọ̀ méjèèjì di, ó sì máa ń dín sí èyí tó kéré jù nínú wọn.

Òdo tó fara pamọ́

A kò lè fi òdo pín ohunkóhun. Ẹ ti mọ èyí. Ohun tí ẹ lè má tíì kíyè sí ni pé bí a bá ti tú ìdá tán, ó lè bo òdo mọ́lẹ̀.

Àpẹẹrẹ 3. Ẹ tú (x/y − y/x)/(1/y + 1/x).

A fi xy sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀. Òkè di x² − y², ìsàlẹ̀ di x + y. Òkè sì ni (x − y)(x + y). A pa (x + y) rẹ́, ìdáhùn sì jẹ́ x − y.

Ẹ wo bó ṣe mọ́ lóló. Kò sí ìlà kankan mọ́, kò sí ìsàlẹ̀ kankan. Ẹni tó bá rí x − y nìkan á rò pé nọ́ńbà yòówù ló lè wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi 2 sípò x, ká fi −2 sípò y. Ìdáhùn ní 4. Ẹ padà sínú ìbéèrè: òkè jẹ́ −1 − (−1), ìyẹn òdo, ìsàlẹ̀ jẹ́ −1/2 + 1/2, òdo náà ni. Òdo lórí òdo kì í ṣe 4. Kì í ṣe nọ́ńbà rárá.

Nítorí náà, ìbéèrè ni ẹ máa bi ní ẹ̀rí, kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ to gbogbo ìlà tó wà nínú ìbéèrè, kékeré àti àgbà, kí ẹ sì rí i pé ohun tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe òdo. Níhìn-ín, àwọn ìlà kékeré kọ̀ kí x jẹ́ 0, wọ́n kọ̀ kí y jẹ́ 0. Ìlà àgbà kọ̀ kí 1/y + 1/x jẹ́ 0, èyí tó túmọ̀ sí pé x kò gbọ́dọ̀ jẹ́ −y. Ìdáhùn tó pé nìyí: x − y, níbi tí x ≠ 0, y ≠ 0, x ≠ −y. Ẹ padà sí Àpẹẹrẹ 2 kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún un; nọ́ńbà mẹ́ta ni x kò gbọ́dọ̀ jẹ́ níbẹ̀, ẹyọ kan péré ló sì hàn nínú ìdáhùn.

Láti inú lọ́hùn-ún bọ̀ síta

Bí ìdá bá wọnú ìdá tó tún wọnú ìdá, ọ̀nà kejì máa ń dà rú, torí pé LCM fúnra rẹ̀ á ti di wàhálà. Ẹ padà sí ọ̀nà kìíní, kí ẹ ṣe é bí a ṣe ṣe márùndínláàdọ́ta: ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tó jìn jù.

Àpẹẹrẹ 4. Ẹ tú 1 − 1/(1 − 1/(1 − x)).

Ibi tó jìn jù ni 1 − x. Ìdá tó gbé e dání ni 1/(1 − x). Ìpele tó tẹ̀ lé e:

1 − 1/(1 − x) = (1 − x − 1)/(1 − x) = −x/(1 − x)

Èyí wà lábẹ́ 1, nítorí náà a dojú rẹ̀ kodò:

(1 − x)/(−x) = (x − 1)/x

Ó wá ku ìpele òde pátápátá:

1 − (x − 1)/x = (x − x + 1)/x = 1/x

Gbogbo àjà mẹ́ta yẹn wó, ó ku 1/x! Ẹ fi 3 yẹ ẹ́ wò: 1 − 3 jẹ́ −2, 1 − 1/(−2) jẹ́ 3/2, tí a bá dojú 3/2 kodò, ó di 2/3, 1 − 2/3 jẹ́ 1/3. Ó pé. Ní ti òdo, 1/x fúnra rẹ̀ ti sọ pé x ≠ 0, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkankan nípa 1, bẹ́ẹ̀ ìlà inú lọ́hùn-ún kò gba 1 láyè.

Ẹ̀yin náà ti ń lo ìdá onípele láìmọ̀. 22/7 tí ẹ fi ń ṣírò ìyíká òbíríkítí jẹ́ 3 + 1/7. Bí ẹ bá fi 7 + 1/16 rọ́pò 7 yẹn, ẹ máa ní 3 + 1/(7 + 1/16). Ẹ tú u: 7 + 1/16 jẹ́ 113/16, tí a bá dojú rẹ̀ kodò, ó di 16/113, àpapọ̀ òun àti 3 jẹ́ 355/113. Zu Chongzhi, onímọ̀ ìṣirò ará Ṣáínà, ti mọ ìdá yìí ní ọ̀rúndún karùn-ún. 22/7 bá π mu títí dé nọ́ńbà méjì péré lẹ́yìn àmì ẹ̀sún, 3.14, 355/113 bá a mu títí dé mẹ́fà, 3.141592. Ìpele kan ṣoṣo la fi kún un.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ tú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ gbogbo nọ́ńbà tí lẹ́tà kò gbọ́dọ̀ jẹ́.

1. (5/6)/(10/9)

2. (1/x − 1/3)/(x − 3). Ẹ ṣọ́ àmì àyọkúrò.

3. (a/b + 1)/(a/b − b/a)

4. Dírẹ́bà kan wa ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó ní ìwọ̀n kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ó sì gba ọ̀nà kan náà padà ní ìwọ̀n kìlómítà 40 ní wákàtí kan. Ẹ pe gígùn ọ̀nà náà ní d, kí ẹ kọ ìpíndọ́gba eré rẹ̀ bí ìdá inú ìdá, kí ẹ sì tú u. Kì í ṣe 50. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí d?

5. Ẹ tú 1 + 1/(1 + 1/(1 + 1/x)). Ẹ tún fi ìpele kan kún un, kí ẹ tú u, kí ẹ tún fi òmíràn kún un. Ẹ to àwọn nọ́ńbà tó wà níwájú x sórí ìlà kan, kí ẹ wò wọ́n dáadáa. Leonardo ará Pisa tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan máa dá wọn mọ̀.

Ìdáhùn díẹ̀: (1) 3/4. (2) −1/(3x), x ≠ 0, x ≠ 3. (4) kìlómítà 48 ní wákàtí kan. (5) Ti àkọ́kọ́ jẹ́ (3x + 2)/(2x + 1). Àwọn nọ́ńbà tí x kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ju méjì lọ, ẹ wá wọn.